Okùn Tí Wọ́n Fi Orúkọ Adéróunmú Hun

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ tán báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní í dúró de ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú òòrùn, ẹ súnmọ́ ìdí igi ìyeyè yìí, òjìji rẹ̀ gba gbogbo wa. Èmi ni Ọdẹ́jàyí, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí lọ́nà tó yí padà, tó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Èmi ni mo yìnbọn fún ìgalà lókè odò, tí ìgalà náà sáré wá ṣubú sí ẹ̀yìnkùlé mi kí n má baà ṣe wàhálà ẹrù. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìgalà náà léèrè.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ọba kan fún yín, Adéróunmú, tó ja ogun láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù títí tó fi di Balógun ìlú wa, Òkè-Arómi. Kò sí ogun kan tó jà tí kì í ṣe èmi ni mo ṣáájú ogun náà wọ igbó. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, mo sì lójú tó mú.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Bí ọmọ náà ò tilẹ̀ tíì hu eyín, bó bá ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé yẹn, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ mìíràn ni yóò sì fún un. Nígbà tí Àwẹ̀ró wọ ààfin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àbúrò ọba, Adéróunmú jẹ́ ọmọdé tó ń fi ìhòòhò sáré kiri àgbàlá. Láràárọ̀ ni ọmọ yìí máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ikun á máa dà nímú rẹ̀, á máa sọkún pé, "Ẹ fún mi lẹ́kọ mi! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tutù!" Àwẹ̀ró wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ ní Májẹ̀ẹ́kótutù. Gbogbo ìyàwó ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n mọ ọmọ ọba mọ́ nídìí ààrò nìyẹn.

Ọmọ dàgbà. Ọba fún un ní ẹṣin funfun kan, ó sì fi í jẹ Séríkí, olórí àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun. Àwọn kan ń kùn pé nítorí pé bàbá rẹ̀ ló ni adé ni wọ́n ṣe fún un lóyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni! Ta ló ń jiyàn? Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ojú ogun àkọ́kọ́, tí àwọn tó ń kùn ń wá igi tí wọn yóò sá sí lẹ́yìn, ọmọ ọba yìí ló sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, tó wọ inú ẹrẹ̀ dé àyà, tó sì gba afárá odò lọ́wọ́ ọ̀tá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó gbéraga, ó gbéraga gan-an, ṣùgbọ́n kì í sá.

Ó ní àṣà kan. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, yóò gun ẹṣin rẹ̀ jáde síwájú ọ̀tá, yóò nàró lórí gàárì, yóò sì ké pé: "Èmi ni Adéróunmú! Èmi Àkànjí, ọmọ afìlẹ̀kẹ̀-ṣeré, ọmọ ọba tó jókòó tí ilẹ̀ mì, tó dìde tí òkè wárìrì! Ẹ wò mí dáadáa, kí ẹ lè ròyìn mi bí ẹ bá délé!" Bó bá fi máa parí rẹ̀, ìdajì àwọn ọ̀tá á ti wà lọ́nà ilé. Báyìí ló ṣe kúrò ní Séríkí tó di Àṣípa, tó kúrò ní Àṣípa tó di Ọ̀tún Balógun. Orúkọ kan ṣoṣo ni kì í fẹ́ gbọ́. Àwẹ̀ró ti di ìyá tó ń ṣáájú àwọn tó ń dáná fún ọmọ ogun, Adéróunmú sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá fi pe òun ní Májẹ̀ẹ́kótutù níwájú àwọn ọmọ ogun òun, òun yóò dá a padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Àwẹ̀ró ní, "Ó dáa, ọkọ mi," ó sì lọ ń ro ọbẹ̀ rẹ̀.

Ní àkókò yẹn ni ẹbọra kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọkùnrin wa lọ. Akórúkọjọ ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ á wọ igbó, kò ní í bọ̀. Jagunjagun á lọ ṣọ́ ẹnubodè, a ó bá idà rẹ̀ nílẹ̀. Mo tọpasẹ̀ wọn títí, mo sì rí ohun tí mo rí: ẹbọra náà fi wọ́n ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n di igi láti ẹsẹ̀ dé ọrùn, ojú wọn nìkan ló ń ṣẹ́. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi láàárín wọn. Mo sunkún bọ̀ wálé, mo sì sọ fún ọba. Ọba ní kí Adéróunmú kó ogun lọ, bó bá kó àwọn ọmọ wa bọ̀, òun ni yóò jẹ Balógun.

A gbéra. Nígbà tí a wọ Igbó Ọlọ́wọ́kan, a bá arúgbó iwin kan tó jókòó sáàárín ọ̀nà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń ta gbòǹgbò wọlẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní í kọjá láìjẹ́ pé ó gbọ́ àlọ́ òun.

Ó ní, "Aṣọ wo ni wọ́n dá fún ọmọ ọba, tí bàbá rẹ̀ ò rà, tí ìyá rẹ̀ ò hun, tí kò yàn fúnra rẹ̀, tí kò sì lè bọ́ títí ayé?"

Adéróunmú rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Oríkì mi ni."

"Bàbá rẹ ló ni oríkì rẹ."

"Orúkọ oyè mi ńkọ́?"

"Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la." Iwin náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. "Mo ní kí o gbọ́ ọ, mi ò ní kí o mọ̀ ọ́n. Kọjá. Bó bá yé ọ, ìwọ yóò bọ̀. Bí kò bá yé ọ, igi tó dára ni ìwọ yóò jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà bí Adéróunmú nínú, ìbínú náà ló sì gbé dé Ìlú Oríwú.

Háà, ìlú yẹn! Ẹ máa ń sọ pé wọ́n yìn yín, orí yín wú. Ẹnu lásán lẹ fi ń sọ ọ́. Ní ìlú yẹn, bí wọ́n bá yìn ọ́, orí rẹ á wú lóòótọ́, bí ìyẹ̀fun tó ń wú nínú ìkòkò. Àwọn olówó wọn ń fi òpó gbé orí wọn dúró. Bí àwọn ará ìlú ṣe rí ọmọ ọba lórí ẹṣin funfun, wọ́n tú jáde, wọ́n ń kì í, wọ́n ń yìn ín, òun náà sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí wọn ò bá ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a máa fi dé ẹnubodè kejì, àkẹtẹ̀ irin tó wà lórí rẹ̀ ti fò dànù, orí rẹ̀ sì ti tóbi ju ẹnubodè lọ. A fà á, kò wọlé. A tì í, kò jáde. Èmi náà? Orí mi wú díẹ̀. Kí lẹ ń wò? Ọdẹ tó tó mi, ẹ fẹ́ kí wọ́n má yìn ín ni?

Àwẹ̀ró ló gbé ṣíbí rẹ̀ dání wá. Ó yí Adéróunmú ká, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi, omi odò wo la ó fi wẹ orí yìí o? Mo rántí ìgbà tí igbá ẹ̀kọ kan ṣoṣo ń bò ó."

Àwọn ọmọ ogun bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ ọba, orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń rọ̀, títí tó fi yọ lẹ́nubodè. Dípò kó dúpẹ́, ó bínú. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀yìn gbogbo ogun ni kí Àwẹ̀ró máa rìn, kó má sì bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dun ìyá náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ rù, ó bọ́ sẹ́yìn.

A dé iwájú ilé Akórúkọjọ ní òwúrọ̀. Ọgbà náà dúró lọ bẹẹrẹ, èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, àyè kan ṣoṣo ló sì ṣófo nínú rẹ̀. Ẹbọra náà jókòó sórí òkúta, ó tín-ín-rín, etí rẹ̀ ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ó ń hun okùn, bẹ́ẹ̀ ni a ò rí òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Adéróunmú ò bi ẹnikẹ́ni. Ó gun ẹṣin rẹ̀ jáde, ó nàró lórí gàárì, ó sì ké: "Èmi ni Adéróunmú!"

Okùn náà fò kúrò lọ́wọ́ ẹbọra, ó wé e ní ẹsẹ̀.

"Èmi Àkànjí, ọmọ afìlẹ̀kẹ̀-ṣeré!"

Ó wé e ní ìbàdí. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ti ń ké lójú ogun láti ìgbà Séríkí rẹ̀, Akórúkọjọ ti ń fi etí ńlá rẹ̀ kó o jọ nínú igbó, orúkọ náà gan-an ló sì fi hun okùn yẹn. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti wọ́ ọmọ ọba bọ́ lórí ẹṣin, ó ti gbé e dúró sínú àyè tó ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń le. A yìnbọn. Ọta ń bọ́ lára ẹbọra náà bí òjò tó ń ta dànù lórí ewé kókò.

Ẹbọra rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi kì í ṣe ìkà. Ẹ pè é. Bó bá jẹ́ yín lóhùn, tó sì rìn tọ̀ yín wá, tiyín ni. Bí ẹ bá pè é tì, òpó mi ni."

Gbogbo ọmọ ogun pariwo pé, "Adéróunmú!" Okùn gùn sí i, ó dé àyà rẹ̀. Wọ́n pè é ní Àkànjí, ó dé èjìká. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, pé wọn ò mọ ọmọ ọba í pè. Mo dúró, mo tú ọ̀fun mi, mo sì sun ìjálá fún un, láti orí bàbá ńlá rẹ̀ títí kan òun fúnra rẹ̀. Ẹyẹ dákẹ́ lórí igi. Ẹ gbọ́, nínú gbogbo àwọn tó pè é lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ fún un lọ́rùn tó tèmi! Okùn náà nípọn bí apá mi, ahọ́n ọmọ ọba sì yọ síta. Ohùn gidi ni mo ní, mi ò lè purọ́ fún yín.

Ìgbà yẹn ni a rí i pé orúkọ tí a ń pè ló ń pa á. Igi ti gùn ún dé ìbàdí. Àwọn jagunjagun tó le bí irin jókòó sílẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ẹnì kan rántí Àwẹ̀ró, a sì ránṣẹ́ pè é láti ẹ̀yìn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ bá wa pè é. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n láti kékeré."

Ó ní, "Kí n pè é ní kí ni?"

Ọmọ ogun kan ní, "Lórúkọ, Ìyá!"

Àwẹ̀ró yíjú sí i bí ẹni pé ó bú ìyá rẹ̀. "Ọmọ tí mo bá nílé ọkọ? Kí n la ẹnu mi, kí n pè é lórúkọ? Ta ló kọ́ ọ nílé yín? Bí kò bá jẹ́ pé ojú ogun la wà, ṣíbí yìí ni ìwọ ìbá jẹ."

Ó ti wá síwájú ọgbà. Ó gbé ìdérí kúrò lórí ìkòkò rẹ̀, èéfín ẹ̀kọ gbígbóná yọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bá ìbàdí, ó sì pariwo pé, "Májẹ̀ẹ́kótutù! Ọkọ mi! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Okùn dúró. Akórúkọjọ dìde lórí òkúta. Ó fa okùn rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá orúkọ náà, kò rí i. Ó ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mi ò gbọ́ ọ rí!"

Ṣùgbọ́n Adéróunmú ò dáhùn. Mo wò ó. Ojú rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ogun, nítorí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó pa ètè rẹ̀ dé. Igi kúrò ní ìbàdí, ó gùn ún dé ikùn. Mo rí i pé ọkùnrin yìí lè gbà kí òun di igi ju kó jẹ́ orúkọ yẹn níwájú wa.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ dákẹ́ ni? Ẹ̀yin tí ikun ń dà nímú yín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi? Tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀? Ẹ̀kọ rèé, ó gbóná. Ṣé kí n wá máa gbé e fún igi jẹ ni?" Ohùn rẹ̀ yí padà lójijì. "Ẹ ní kí n má bá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbọ́. Ẹ dá mi padà sílé bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn."

Ọmọ ọba wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó wo ìyá náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sì la ẹnu, ohùn tó jáde kì í ṣe ti Ọ̀tún Balógun, ti ọmọdé ni.

Ó ní, "Mo ń bọ̀ o, ìyàwó mi. Má jẹ̀ẹ́ kó tutù."

Okùn já bọ́ sílẹ̀ gbìì. Igi fọ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì rìn lọ bá ìyá náà, ó dì mọ́ ọn, òun tòun ìkòkò ẹ̀kọ. Ibẹ̀ ni àlọ́ arúgbó iwin yé mi, tí mo sì fọwọ́ lu itan. Orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé sọ ọ́ ni aṣọ náà!

Kí ni mo tún ń dúró ṣe? Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nínú ọgbà, mo sì ké pé, "Eyínfúnjowó!" Ó jẹ́ mi lóhùn, ó sì jáde. Kíá ni ó yé gbogbo ọmọ ogun. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ohun tí àwọn ìyàwó ilé wọn ń pe ẹni tí wọ́n ń wá. "Ìbàdíàrán!" "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́!" "Sùndọ́sàn-án!" Ẹ wò ó bí àwọn akíkanjú ọkùnrin ṣe ń já kúrò nínú igi, tí wọ́n ń dáhùn pé, "Ìyàwó mi, mo ń bọ̀!" sí àwọn jagunjagun onírùngbọ̀n. Bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe ń yọ ni Akórúkọjọ ń kéré sí i, títí tó fi kù bí eku, tó sì wọ ihò. Adéróunmú mú okùn náà. Títí ó fi kú, òun ló fi ń so ẹṣin rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ra okùn mìíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ Balógun, akéwì ọba ti ya ẹnu láti kì í. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n lọ pe Àwẹ̀ró wá láti ilé ìdáná. Níwájú ọba àti gbogbo ìjòyè, ìyá náà ní, "Májẹ̀ẹ́kótutù, ọkọ mi, ẹ wá jókòó sórí àga yín." Ó sì lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò ké oríkì rẹ̀ sétí ọ̀tá mọ́. Bí a bá dé ojú ogun, ohun kan ṣoṣo ló máa ń ké, a ó sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí a ṣe ń sáré lọ: "Má jẹ̀ẹ́ kó tutù!" Àwọn ọ̀tá ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ ni. Wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ la ń wí, wọ́n sì ń sá.

Ó pẹ́, Àwẹ̀ró kú, ó ti gbó, ó ti tọ́. Balógun jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, ó ń fi èémí rẹ̀ mú un gbóná. A ní ó tó, kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá náà dé etí ibojì, ọkùnrin tó ti ṣẹ́gun gbogbo ìlú tó yí wa ká yìí dúró níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é, ó sì dáhùn pé, "Mo ń bọ̀ o, ìyàwó mi." Mo wà níbẹ̀. Mo sunkún, ojú ò sì tì mí.

Kí lo ní, ìwọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò yẹn? Kí ni àwọn ìyàwó ilé ń pe èmi? Ìyẹn ò kan ìtàn. Mo ti sọ fún yín, Ọdẹ́jàyí ni mí, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó yí padà, ọdẹ tí...

Ẹ dákẹ́ ná. Ta ló ń ké láti inú ilé yẹn? Ìyàwó àbúrò mi ni. Oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹ má fetí sí i, ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ di etí yín!

"Asáfálángbá! Ọkọ mi! Ẹ wá jẹun o!"

Ó dáa. Ẹ rín in tán. Alángbá kan ló fò lù mí lójijì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì kéré. Ẹ bá mi ká ẹní yẹn, kí ẹ sì máa lọ sílé yín.

Mo ń bọ̀ o, ìyàwó mi!